Okùn Tó Gbé Orí Dúró

Bí ìnáwó bá fẹ́ wáyé ládùúgbò, àwọn tó ń ta kánópì ló máa ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n á gbé òpó irin nàró, wọ́n á so okùn mọ́ orí rẹ̀, wọ́n á fa ọ̀kan sápá ọ̀tún, wọ́n á fa èkejì sápá òsì, wọ́n á wá so wọ́n mọ́ èèkàn. Ẹnikẹ́ni kò ri òpó náà mọ́lẹ̀. Fífà tí okùn méjèèjì ń fà á ló mú un dúró. Ẹ tú okùn kan, èyí tó kù lápá kejì gan-an ni yóò fa òpó lulẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé mi, bí ọrùn wa ṣe rí nìyẹn. Orí àgbàlagbà wúwo tó kílò mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún, bí iṣu ńlá kan tí ẹ hú lóko. Eegun kéékèèké 7 tó gun ara wọn lórí ló sì gbé e. Bí a bá fi àwọn eegun yìí sílẹ̀ láìsí ohun tó dì wọ́n mú, wọn kò ní lè gbé iṣu yẹn fún ìṣẹ́jú kan. Iṣan ló ń gbé e, iṣan kò sì mọ iṣẹ́ méjì. Kò lè ti nǹkan. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ó ń sún kì, ó ń fa ìdí rẹ̀ méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Bó bá sinmi, ó di dandan kí nǹkan mìíràn fà á padà kó tó lè gùn. Nítorí náà ni iṣan tó wà níwájú fi ní ẹnìkejì tó ń bá a fà á lẹ́yìn.

Ẹ yí ojú sí ọ̀tún báyìí, kí ẹ fi ọwọ́ kan ọrùn yín lápá òsì. Ohun tó yọ bí okùn, tó ti ẹ̀yìn etí sọ̀ kalẹ̀ wá sókè àyà, ni àwọn dókítà ń pè ní sternocleidomastoid. Ẹ kíyè sí i pé ti òsì ló yọ nígbà tí ojú lọ sí ọ̀tún. Ó fa eegun ẹ̀yìn etí òsì wá síwájú, ojú kò sì ní ibi tí yóò yà sí ju ọ̀tún lọ. Bí méjèèjì bá jùmọ̀ fà, orí kúrò lórí ìrọ̀rí nìyẹn láàárọ̀.

Lẹ́yìn, iṣan fífẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní trapezius bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkó, ó tàn dé èjìká méjèèjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ títí dé ibi tí eegun ìhà parí sí. Òun ló ń ṣiṣẹ́ bí ọmọ bá sọ èjìká pé òun kò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán òun. Àwọn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọn kì í sinmi níwọ̀n ìgbà tí a bá wà lójúfò, nítorí pé ìwúwo orí pọ̀ síwájú ibi tó jókòó lé ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ wo èrò tó ń tòògbé nínú mọ́tò. Bí oorun bá ti dẹ okùn ẹ̀yìn, ẹ ó rí i tí àgbọ̀n rẹ̀ já lu àyà.

Ìdí nìyí tí fóònù fi ń ni wá lọ́rùn. Dókítà Kenneth Hansraj, tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn ní New York, ṣe ìṣirò kan tó tẹ̀ jáde ní 2014. Bí a bá tẹ orí síwájú díẹ̀, ní dígírì 15, ẹrù tó ń tẹ ọrùn á tó kílò 12. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé dígírì 60, bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó tó kílò 27. Orí kò wúwo sí i o. Òpó ló ti dà síwájú, okùn ẹ̀yìn nìkan ló wá ń dá a gbé.

Ẹ wá wo obìnrin tó ru omi tó sì ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ láìfọwọ́ kan garawa. Òṣùká fi ẹrù sí gbangba orí òpó, ọrùn nàró, kò sí okùn tó ń jìyà ju èkejì lọ. Ní 1986, ìwádìí kan nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ìwádìí náà sọ pé bí ẹni tó wúwo tó kílò 60 bá ru kílò 12, agbára tí ara rẹ̀ ń ná kò ju ti ìgbà tó ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Ẹnu ya ayé. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn lórí àwọn obìnrin Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà, tó jáde ní 2010, kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀, èmi kò sì ní sọ fún alábàárù pé ẹrù orí kì í rẹni.

Láti ọrùn ká sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn. Iṣan gbọọrọ gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gbé wa nàró lẹ́yìn tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ roko. Ọ̀pọ̀ wa rò pé wọ́n ń sinmi nígbà tí a bá ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Rárá o. Ẹ rántí bí a ṣe ń sọ garawa sínú kànga: ọwọ́ ń dẹ okùn díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn iṣan yìí ṣe ń sọ àyà wa kalẹ̀, kí a má baà dojú bolẹ̀.

Ikùn ló wù mí jù láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, torí pé kò ní eegun kankan níwájú. Iṣan pẹlẹbẹ mẹ́ta ló bò ó lápá kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ́ lé ara wọn, fọ́nrán wọn sì dábùú ara wọn. Iṣan méjì tó tẹ́jú bí bẹ́líìtì wá ti àyà sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ ikùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Níbi tí wọ́n ti pàdé láàárín ni oyún máa ń fẹ̀ sí, tí ikùn ìyá ọlọ́mọ mìíràn kì í fi í tètè padà sípò. Ẹ ó bi mí pé: bí iṣan kò bá lè ti nǹkan, báwo ni ìyá tó ń rọbí ṣe ń ti ọmọ jáde? Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fún gààrí. Wọ́n á ki ẹ̀gẹ́ rírin sínú àpò, wọ́n á fi igi há a, wọ́n á fi okùn dì í pinpin. Fífà ni okùn ń fà, ṣùgbọ́n omi ń jáde. Bí gbogbo ògiri ikùn bá sún kì lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ á wá ọ̀nà gbà. Bí a ṣe ń wúkọ́, bí a ṣe ń bì, bí a ṣe ń yàgbẹ́ náà nìyẹn.

Èyí tó wà ní inú pátápátá lára àwọn iṣan ikùn yìí yí wa ká bí ọ̀já. Ní 1996, Hodges àti Richardson, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà, fi hàn pé iṣan yìí máa ń sún kì kí apá tó gbéra rárá. Obìnrin tó fẹ́ gúnyán á kọ́kọ́ fi ọ̀já di ìbàdí. Ara ti fi ọ̀já tirẹ̀ dì í kó tó di ọmọrí odó mú. Lára àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn, ọ̀já yìí ń pẹ́ kó tó dì.

Òrùlé ikùn ni dáyáfíráàmù, iṣan tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, lábẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá ti rí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé bí inú rẹ̀ bá fẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé fúnra rẹ̀. Dáyáfíráàmù á fa ara rẹ̀ wálẹ̀, iṣan àárín eegun ìhà á gbé ìhà sókè, àyà á fẹ̀, èémí á wọlé. Bí dáyáfíráàmù bá dẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á sún kì padà bíi rọ́bà, èémí á jáde. Ó ń ṣe èyí ju ìgbà 17,000 lọ lójúmọ́. Bí ó bá ta gìrì, òsúkè dé.

Ọ̀nà ọrùn ni ọpọlọ ń gbà rán dáyáfíráàmù níṣẹ́. Okùn tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà jáde láàárín ọ̀pá ẹ̀yìn ní ìpín kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ọrùn, ó sì gba inú àyà lọ bá dáyáfíráàmù nísàlẹ̀. Bí ọrùn bá ṣẹ́ lókè ibẹ̀ tó sì gé ọ̀nà yẹn, èémí lè dá láìsí ọgbẹ́ kankan láyà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá já láti orí ọ̀pẹ tàbí tí ọ̀kadà gbé e ṣubú, ẹ má fà á lápá pé kó dìde. Kí ẹnìkan kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má yí, kí ẹlòmíràn máa wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń wú. Bó bá di dandan kí ẹ gbé e, ẹ pọ̀, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí pákó tó tẹ́jú gbé e lọ sílé ìwòsàn.