Ìgè Àdùbí: Ọmọ tí Ó Fi Ẹsẹ̀ Ṣáájú Wá sí Ayé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í dúró de ilé. Ọ̀run ni wọ́n ti mú orúkọ tiwọn bọ̀. Bí ìwọ́ bá wé mọ́ ọmọ lọ́rùn, Àìná ni bí ó bá jẹ́ obìnrin, Òjò ni bí ó bá jẹ́ ọkùnrin. Èyí tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni Àjàyí. Èyí tí ó sì fi ẹsẹ̀ ṣáájú, tí orí rẹ̀ wá gbẹ̀yìn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, Ìgè ni orúkọ rẹ̀, Àdùbí ni oríkì rẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá jáde ní 1921, ka Ìgè mọ́ àwọn orúkọ àmútọ̀runwá wọ̀nyí.

Orúkọ ìṣẹ́gun ni Ìgè. Oríkì náà tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: Àdùbí, ọmọ tí a du kí a tó bí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ronú jinlẹ̀ yóò rí i pé ẹni tí ó yè nìkan ni ó ń jẹ́ orúkọ. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn dé ayé, tí orí wọn kò dé, kò sí ọjọ́ ìkómọ fún wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ki oríkì wọn. Nítorí náà, bí ìdílé kan bá ń yangàn pé àwọn ti bí Ìgè rí, kò yẹ kí wọ́n gbàgbé pé orúkọ náà gan-an jẹ́rìí sí i pé ewu wà lọ́nà.

Etioro wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ọ̀kà. Ìkàrẹ́ kò jìnnà sí ibẹ̀, òkè àti àpáta ni ó sì yí gbogbo agbègbè náà ká. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ kan ikùn aboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, tí ó sì ní orí ọmọ ṣì wà lókè, ìbéèrè mẹ́ta ni ó sábà máa ń dìde nínú ilé. Ta ni ó ṣe é? Ta ni yóò yí i? Ṣé wọn yóò là á ni? Ó yẹ kí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ìdáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀mí méjì ni ó rọ̀ mọ́ wọn.

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ 28, nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́rin ni ó ṣì jókòó nínú ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ó jókòó lórí àpótí. Bí ọmọ ti ń dàgbà tí àyè sì ń há, ọ̀pọ̀ nínú wọn a dorí kodò fúnra wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí oyún bá gbó tán, mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ó kù nínú 100. Èyí tí kò yí lè jẹ́ ọ̀kan nínú ìbejì, tàbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Omi tí ó yí ọmọ ká lè pọ̀ jù tàbí kí ó kéré jù. Ìju lè wà nínú ilé ọmọ, ibi ọmọ sì lè lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, kí ó dí ọ̀nà. Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í rí ìdí kankan rárá. Kì í ṣe ẹrù tí ìyá rù ní oko ni ó fà á, kì í sì í ṣe ìlara orogún tàbí ọwọ́ ayé.

Àwọn ará Róòmù ìgbàanì náà ní orúkọ fún irú ọmọ yìí. Agrippa ni wọ́n ń pè é. Pliny, òǹkọ̀wé wọn ní ọ̀rúndún kìíní, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lòdì sí ìṣẹ̀dá kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ wá sí ayé, ó sì ka Nero, ọba tí ìwà ìkà rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé, mọ́ àwọn tí a bí bẹ́ẹ̀. Yorùbá kò rí ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Wọn kò pè é ní àmì ibi. Oríkì ni wọ́n fún un. Ìdílé tí ó bá wá ń wá àjẹ́ kiri nítorí pé ọmọ jókòó sínú ikùn, àṣà Róòmù ni ó ń dá, kì í ṣe ti Yorùbá.

Ìbéèrè kejì ni ti ẹni tí yóò yí i. Láti ayébáyé ni àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ti ń fi òróró tàbí àdí ra ikùn aboyún, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ mọ ibi tí orí ọmọ wà. Ọgbọ́n ni èyí, kò sì yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orí le, ó rí roboto, ìdí rọ̀. Bí orí bá wà lókè, ìyá a máa mọ nǹkan líle lábẹ́ ìhà rẹ̀, ọmọ a sì máa ta á nípàá nísàlẹ̀ ikùn. Ọwọ́ àgbà agbẹ̀bí lè mọ gbogbo èyí. Ohun tí ọwọ́ kò lè rí ni ibi tí ibi ọmọ lẹ̀ mọ́, bí ìwọ́ ti wé, àti bí ọkàn ọmọ ti ń lù nígbà tí a bá ń tì í.

Àwọn dókítà náà a máa fi ọwọ́ yí ọmọ láti orí ikùn. Obìnrin tí ó lóyún àkọ́kọ́ lè lọ fún un láti ọ̀sẹ̀ 36, ẹni tí ó ti bímọ rí láti ọ̀sẹ̀ 37. Ṣùgbọ́n wọ́n a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú. Wọ́n a gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá parí. Wọ́n lè fún ìyá ní oògùn tí yóò mú ilé ọmọ dẹ̀. Yàrá iṣẹ́ abẹ a sì ti wà ní sẹpẹ́, nítorí pé nínú nǹkan bí 200 obìnrin, ọ̀kan lè nílò iṣẹ́ abẹ kíákíá lẹ́yìn yíyí náà. Nǹkan bí ìdajì nínú àwọn ọmọ tí a yí báyìí ni ó gbà láti dorí kodò, ó sì máa ń rọrùn jù fún ẹni tí ó ti bímọ rí. Wọn kì í ṣe é fún ẹni tí ibi ọmọ dí ọ̀nà, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Bí ó bá dun ìyá jù, wọ́n a dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ilé agbẹ̀bí àti ilé ìwòsàn kì í ṣe ti ọwọ́. Ojú tí ó ríran àti ìrànlọ́wọ́ tí ó wà nítòsí ni ìyàtọ̀ náà. Ẹni tí ó fi agbára yí ọmọ nínú ilé dà bí ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta Àkókó ní òru láìní àtùpà. Ó lè gúnlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀, ibi ọmọ lè já kúrò níbi tí ó lẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dà níbi tí ojú kò tó.

Àwọn mìíràn a gba aboyún níyànjú pé kí ó máa kúnlẹ̀ kí ó gbé ìdí sókè lójoojúmọ́. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn a máa jó ewé gbígbẹ lẹ́bàá ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rí pé nǹkan wọ̀nyí ń yí ọmọ kò tíì fìdí múlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kúnlẹ̀ lè kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe tìtorí rẹ̀ pa ọjọ́ dókítà jẹ.

Ìbéèrè kẹta ni ó ń da oorun rú: ṣé wọn yóò là á ni? Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sá fún. Orí ni ó tóbi jù, òun ni ó sì le jù ní ara ọmọ tuntun. Bí orí bá ṣáájú, ọ̀nà tí ó gba orí yóò gba ara yòókù. Bí ẹsẹ̀ àti ìdí bá ṣáájú, ara lè kọjá nígbà tí ẹnu ilé ọmọ kò tíì ṣí tó fún orí, orí a sì há. Yàtọ̀ sí èyí, ìwọ́ lè yọ́ ṣáájú ọmọ, pàápàá jù lọ bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jáde, kí ara ọmọ sì tẹ̀ ẹ́ pa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó wà láàrin ìyè àti ikú nígbà náà.

Ní 2000, àwọn olùwádìí tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí ó kan obìnrin tí ó lé ní 2,000 ní orílẹ̀-èdè 26. Nínú àwọn tí a ṣètò iṣẹ́ abẹ fún, nǹkan bí ọmọ 16 nínú 1,000 ni ó kú tàbí tí ó ní ìpalára ńlá. Nínú àwọn tí a ṣètò kí wọ́n bí i fúnra wọn, ó tó 50 nínú 1,000. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti yàn láti máa ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí wọ́n wá wo àwọn ọmọ kan nínú wọn ní ọdún méjì lẹ́yìn ìbí, wọn kò rí ìyàtọ̀ láàrin ìhà méjèèjì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé ó ṣì ṣeé ṣe fún àwọn obìnrin kan láti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, bí ọmọ kò bá tóbi jù, bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ ni ó ṣáájú, bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú bá wà níbẹ̀, tí yàrá iṣẹ́ abẹ sì wà nítòsí. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá kù, abẹ ni ó sàn jù.

Ẹ̀rù abẹ kì í ṣe ti ìrora nìkan. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni a ti gbàdúrà fún pé kí wọ́n bí bí obìnrin Hébérù. Bí wọ́n bá wá là wọ́n, ojú a tì wọ́n bí ẹni pé àdúrà wọn kò gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka orí kìíní ìwé Ẹ́kísódù yóò rí i pé àwọn agbẹ̀bí ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú Fáráò, wọ́n sì sọ ọ́ kí àwọn ọmọ lè yè. Yíyè ọmọ ni ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá tí wọ́n là, tí ọmọ rẹ̀ sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àdúrà rẹ̀ gbà. Ohun tí ó yẹ kí ó rántí ni pé oyún tí ó bá tún ní lẹ́yìn abẹ, ilé ìwòsàn ni kí ó ti bí i.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi apá kan ọ̀nà yìí hàn. Ní 2009, nígbà ìṣèjọba Olúṣẹ́gun Mímikò, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń tọ aboyún lọ sí ilé wọn. Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́ ní 2010. Ní 2014, ètò Agbẹ̀bíyè na ọwọ́ sí àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀, kí wọ́n lè máa mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn dípò kí wọ́n máa gbẹ̀bí nínú ilé. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ dára: agbẹ̀bí tí ó fi ọwọ́ mọ̀ pé orí wà lókè, tí ó sì mú obìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì, ti gbẹ̀bí Ìgè náà lọ́nà tí ó dára jù.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ 36, kí gbogbo aboyún bèèrè ibi tí orí ọmọ wà. Bí ó bá wà lókè, kí ọkọ wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ó bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ fún òru tàbí ọ̀sán, kí wọ́n sì mọ ilé ìwòsàn tí wọn yóò lọ, ìbáà ṣe ti ìjọba ní Ìkàrẹ́ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Bí omi bá já lójijì, kí wọ́n gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró de ìrora. Bí ìwọ́ bá yọ síta, kí obìnrin náà kúnlẹ̀, kí ó fi orí kanlẹ̀, kí ó gbé ìdí sókè títí wọn yóò fi débẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá sì jáde lójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má fà á. Fífà ni ó ń mú kí apá nà sókè, kí orí sì há.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá ọkọ tí ó bá sọ fún ìyàwó pé, “Lọ, ìyàwó mi, èmi yóò tọ́jú ilé,” àgbà ọjà ni. Baálé tí ó bá fi ọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ láìjẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, àgbà ọjà ni òun náà.

Ọmọ tí dókítà bá yí, orí ni yóò fi wáyé, kò sì ní jẹ́ Ìgè mọ́. Èyí tí wọ́n bá fi abẹ gbé jáde, kí àwọn àgbà ilé jókòó lé orúkọ rẹ̀ lórí, wọ́n sì lè pè é ní Ìgè bí ó bá wù wọ́n, nítorí a du ú kí a tó bí i. Bí Ìgè bá tilẹ̀ dín kù nínú ilé, tí ìkókó sì pọ̀ sí i, àṣà kò pàdánù ohunkóhun. Kí gbogbo aboyún Àkókó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ.