Bí Òṣìṣẹ́ Bá Fara Pa Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá bá yín lónìí kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí pé ilé tí kò ní ẹnì kan tí ń jí jáde lọ síbi iṣẹ́ ẹlòmíràn kò pọ̀ mọ́ ní Erúnmu yìí àti ní àwọn abúlé tí ó yí wa ká. Ẹnì kan ń la pákó, ẹnì kan ń fọ́ òkúta, ẹnì kan ń bọ́ adìẹ, ẹnì kan ń wa ọkọ̀ ẹrù, ẹlòmíràn sì ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àdúrà wa ni pé kí gbogbo wọn máa bá ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà wálé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ẹni tí ó ń lò ó. Bí ọjọ́ burúkú bá dé, ó yẹ kí a ti mọ ohun tí a ó ṣe kí ó tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ọdún 2016, ọmọkùnrin kan tí mo ti kọ́ ní ìwé rí ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìlapákó kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀rọ gé ìka mẹ́ta ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, ó san owó ìtọ́jú ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì fi ₦20,000 lé bàbá ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n gbà, kí wọ́n má bínú. Bàbá kó ẹbí jọ, a sì lọ dúpẹ́. Mo ní a lọ, nítorí pé èmi náà wà níbẹ̀. Nítorí pé tíṣà ni mí, èmi ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sí lẹ́nu. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì súre fún ọ̀gá náà.

Ọdún 2020 ni mo tó ka ìwé òfin tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà náà ni mo rí i pé ohun tí mo torí rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kò tó nǹkan nínú ohun tí ó tọ́ sí ọmọ náà. Mo lọ bá bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n òfin ti dá ọjọ́, ọjọ́ náà sì ti kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀.

Àwa Yorùbá a máa pe owó irú èyí ní owó gbà-máà-bínú. Orúkọ náà dára láàrin ará àti ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣì wá lọ́nà nínú ọ̀ràn yìí. Gbà-máà-bínú a máa ti inú rere ẹni tí ó fún ni wá. Bí ó bá wù ú, ó lè pọ̀. Bí kò bá wù ú, ó lè má fún ni rárá. Ẹni tí ó bá sì gbà á ní láti dúpẹ́. Owó tí òfin sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni. Bí owó oṣù ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ parí, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ṣe léṣe.

Kì í ṣe òní ni aráyé bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí i. Ní ilẹ̀ Jámánì, ọdún 1884 ni wọ́n ti ṣe òfin tí ó mú kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa dá owó jọ nítorí ìjàǹbá lẹ́nu iṣẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1897. Ní Nàìjíríà, ìjọba amúnisìn ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1941, a sì tún fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1987. Lábẹ́ àwọn òfin àtijọ́ wọ̀nyí, ọrùn ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ ń bá ṣiṣẹ́ ni gbogbo gbèsè náà wà. Bí ọ̀gá bá jẹ́ olówó tí ó sì ní ojú àánú, ó dára. Bí ó bá jẹ́ aláìní, tàbí tí ó jẹ́ alágídí, òṣìṣẹ́ ni yóò máa rìn lọ rìn bọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni òfin tuntun dé, èyí tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Employees' Compensation Act. Òfin yìí yí ọ̀nà padà. Ó dà bí èésú, àfi pé àwọn agbanisíṣẹ́ nìkan ni ó ń dá a. Ní oṣooṣù, agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti san ó kéré tán náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà tí ó bá fi san owó iṣẹ́. Bí ọ̀gá kan bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá, tí ó ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦80,000, gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦800,000. ₦8,000 péré ni tirẹ̀ nínú èésú náà ní oṣù. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ NSITF ni ó ń tọ́jú owó náà, tí ó sì ń san án fún ẹni tí ó bá fara pa. Ẹ fi èyí sọ́kàn: òfin kò gba ọ̀gá láyè láti yọ owó náà nínú owó òṣìṣẹ́. Òun ni yóò ti àpò ara rẹ̀ san án.

Ta ni òfin kà sí òṣìṣẹ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, tí wọ́n á ní, "Èmi kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, lébìrà lásán ni mí." Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fi ìwé gbà síṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tí a fi ẹnu lásán gbà wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ aládàáni náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ara ẹbí ọ̀gá rẹ̀, gbogbo wọn ni òfin kà mọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọ ogun ni a yọ sílẹ̀.

Irú ìpalára wo ni òfin ń sọ? Èyí tí ó bá ti inú iṣẹ́ wá ni, ìbáà jẹ́ nínú ọgbà ilé iṣẹ́, ìbáà jẹ́ níbi tí a rán òṣìṣẹ́ lọ. Àìsàn tí iṣẹ́ fà wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni etí tí ariwo ẹ̀rọ bà jẹ́. Ọ̀nà iṣẹ́ pàápàá wà lára rẹ̀: bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ láàrin ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́, tàbí láàrin ibi iṣẹ́ àti ibi tí ó ti máa ń jẹun, òfin kà á sí ìjàǹbá iṣẹ́, bí ọ̀gá bá ti mọ ibi wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ẹ rí i pé ọ̀gá yín mọ ilé tí ẹ ń gbé.

Kí wá ni òṣìṣẹ́ náà yóò rí gbà? Èkíní ni ìtọ́jú ní ọsibítù. Èkejì ni owó fún àkókò tí kò fi lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, bí ó bá pàdánù ẹ̀yà ara kan, a ó díwọ̀n ohun tí ó pàdánù, a ó sì san owó lé e lórí; àjọ náà a sì máa pèsè ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ àtọwọ́dá fún ẹni tí ó bá yẹ. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá títí ayé ní ẹ̀tọ́ sí 90 nínú 100 owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń gba ₦80,000 lóṣù, ₦72,000 ni èyí. Ẹ̀karùn-ún, bí òṣìṣẹ́ bá kú, tí ó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa gbà lóṣooṣù. Bí ó bá jẹ́ opó àti ọmọ kan, 85 nínú 100 ni. Ti àwọn ọmọ yóò máa lọ títí wọn yóò fi pé ọdún 21, tàbí títí wọn yóò fi parí ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, èyíkéyìí tí ó bá yá.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbàgbé àwọn iye tí mo kà sílẹ̀ yìí. Kò burú, ẹ lè padà wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ wọ̀nyí, nítorí pé àwọn ni wọ́n pa ẹ̀tọ́ ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi sọ fún ilé iṣẹ́ pé òun fara pa. Ó lè sọ fún ọ̀gá, mánéjà, tàbí fóòmàn tí ó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Bí ó bá kú, àwọn tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn ni yóò sọ. Ọ̀gá náà sì ní ọjọ́ 7 láti ròyìn rẹ̀ fún àjọ NSITF. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá, ẹ má tìtorí rẹ̀ jókòó sílé, nítorí pé bí ó bá dá àjọ náà lójú pé ọ̀gá ti mọ̀ nípa ìjàǹbá náà tẹ́lẹ̀, ó lè gba ọ̀rọ̀ yín wọlé.

Ọdún 1 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù kí ó sì fi béèrè owó náà. Bí ìdí pàtàkì kan bá dí i lọ́wọ́, àjọ náà lè gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ títí di ọdún 3. Lẹ́yìn ọdún 3, ilẹ̀kùn ti tì. Ọdún kẹrin ni èmi àti bàbá ọmọ náà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹni tí ó fara pa, nítorí ẹ̀mí ló ṣáájú owó. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ náà gan-an tàbí ní ọjọ́ kejì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ òṣìṣẹ́, ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́, ibi tí ó fara pa lára, àti orúkọ àwọn tí ojú wọn tó o. Ẹ kọ ọ́ ní méjì. Ẹ fún ọ̀gá ní ọ̀kan, kí ó fọwọ́ sí èkejì pé òun ti gbà á, kí ẹ sì mú un lọ sílé. Bí òṣìṣẹ́ kò bá mọ̀wé, ọmọ ilé ìwé tí ó wà nínú ilé lè kọ ọ́. Ẹ kó gbogbo ìwé ọsibítù àti rìsíìtì oògùn pamọ́ sójú kan. Ẹ̀yin tí wọ́n ń sanwó ojúmọ́ fún, ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ àti iye tí ẹ gbà sí. Ìwé yẹn lè di ẹlẹ́rìí yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì NSITF ní Ìbàdàn, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù. Bí ìdájọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà bá ṣe kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ọjọ́ 180 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ wọn.

Ọ̀gá mìíràn lè mú ìwé wá, kí ó ní kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i pé òun ti gba owó díẹ̀, òun kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́. Ẹ má jẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà yín. Òfin sọ pé òṣìṣẹ́ kò lè bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn láti fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá sì ní òun kò san owó èésú náà rí, ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó fara pa. Ẹ ṣì lọ ròyìn.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ má rò pé ọ̀tá yín ni mo jẹ́. Ẹ wo ₦8,000 tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wo iye tí yóò ná yín bí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo bá kán lẹ́sẹ̀ tí gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ sì wá sọ́rùn yín. Ọ̀gá tí ń san tirẹ̀ lóṣooṣù lè sùn.

Ọmọkùnrin náà ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé báyìí. Ó ti ní aya, kò sì bá mi bínú. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí síta, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí ó yé wọn." Ohun tí mo gbìyànjú láti ṣe nìyí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yín tí ń kọ́ṣẹ́, ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó lébìrà tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, kí ẹ sì sọ ọ́ lónìí tí ara gbogbo wọn ṣì le.