Àṣísílẹ̀ Ju Ọ̀fẹ́ Lọ: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Jọ́nà Ìmọ̀ Ìṣègùn

Olóòtú jọ́nà tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ní Èkó kò ní ṣàì mọ Ṣómólú. Àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni, kò sì jìnnà sí Akọka tí Yunifásítì Èkó wà. Níbẹ̀ ni a ti ń rí ẹni tí yóò ṣe pléètì, ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, ẹni tí yóò gé e àti ẹni tí yóò dì í pọ̀. Ní ayé jọ́nà orí bébà, ọ̀rọ̀ owó kò fara sin: bébà ní iye tirẹ̀, íǹkì ní iye tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ẹ̀dà kan yóò sanwó rẹ̀. Nígbà tí jọ́nà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó ti parẹ́. Kò parẹ́, ó ṣípò padà ni. Orúkọ tí a ó fún irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ bo èyí mọ́lẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001 ni àwọn onímọ̀ kan péjọ sí Budapest, olú-ìlú Họ́ngárì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2002 ni wọ́n gbé ìkéde wọn jáde. Ohun méjì ni ìkéde náà béèrè. Èkíní ni pé kí ẹnikẹ́ni lè ka àpilẹ̀kọ láìsanwó. Èkejì ni pé kí ó lè ṣe àdàkọ rẹ̀, kí ó pín in kiri, kí ó sì lò ó fún ohunkóhun tí ó bófin mu, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ìmọ̀ ìṣègùn wà lára àwọn tí ó ṣíwájú nínú iṣẹ́ yìí: PubMed Central àti BioMed Central bẹ̀rẹ̀ ní 2000, PLOS Biology sì jáde ní 2003.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn akadá lásán ni èyí, kí ó wo ilẹ̀ Làìbéríà. Ní 1982 ni àwọn olùṣèwádìí kan ti kọ ọ́ sínú jọ́nà Ilé-Ẹ̀kọ́ Pasteur ti ilẹ̀ Faransé pé àmì Ẹ̀bólà wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Làìbéríà kan. Nígbà tí àrùn náà jà ní 2014 àti 2015, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 4,800 ní orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, Bernice Dahn, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ètò ìṣègùn níbẹ̀, àti àwọn méjì mìíràn kọ̀wé sínú New York Times pé àwọn kò mọ̀ pé irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ wà. Dọ́là 45 ni dókítà Làìbéríà yóò san kí ó tó lè ka ọ̀kan nínú wọn, èyí sì tó bí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. A kò sọ pé kíkà nìkan ni ì bá dá àrùn náà dúró. Àìsí ilé ìwòsàn tí ó péye náà ń pani. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí a tì mọ́lé kì í ṣe ìkìlọ̀.

Kí ni a ó wá pe jọ́nà tí a kò tì mọ́lé? “Jọ́nà ọ̀fẹ́” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Àléébù rẹ̀ ni pé owó nìkan ni ó sọ, owó òǹkàwé nìkan sì ni. Nígbà tí PLOS Biology bẹ̀rẹ̀, dọ́là 1,500 ni ó ń gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé fún àpilẹ̀kọ kan. Ní ìparí ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ Nature kéde €9,500. Olùkọ́ yunifásítì wo ní ilẹ̀ wa ni yóò san èyí nínú owó oṣù rẹ̀? “Jọ́nà gbangba” sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà tí a pàtẹ ní gbangba kò tíì di ti ẹni tí ń wò ó.

Èyí tí a fara mọ́ ni “jọ́nà àṣísílẹ̀”. Bí àkọsílẹ̀ ti ti ara kọ sílẹ̀ jáde ni àṣísílẹ̀ ṣe jáde láti ara ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà “sílẹ̀” ni ó ṣe pàtàkì jù. Ilẹ̀kùn tí a ṣí fún àlejò, a lè tún tì í. Èyí tí a ṣí sílẹ̀ kò ní olùṣọ́. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó wà láàárín jọ́nà àṣísílẹ̀ àti ètò HINARI tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2002, èyí tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ètò náà wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Àwọn Òyìnbó ń fi àwọ̀ àti ohun iyebíye pe àwọn ẹ̀yà rẹ̀: wúrà, ewé, dáyámọ́ńdì. A rọ àwọn ògbufọ̀ pé kí wọ́n má ṣe kó ìwọ̀nyí wọ inú Yorùbá. Ta ni yóò gbọ́ “wúrà” kí ó tó mọ̀ pé òǹkọ̀wé ni ó sábà máa ń sanwó? A dábàá “àṣísílẹ̀ agbowó-òǹkọ̀wé” fún èyí, àti “àṣísílẹ̀ aláìgbowó” fún jọ́nà tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tàbí òǹkàwé. Èyí tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ fi sí ibi ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì, “ẹ̀dà inú àká” ni kí á pè é. “Ìpamọ́” lè mú kí ènìyàn rò pé a fi í bò. Inú àká ni àgbẹ̀ ti ń mú ohun tí yóò jẹ àti ohun tí yóò gbìn.

Ẹ̀yin ògbufọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé gbogbo àpilẹ̀kọ tí ó bá ti inú owó wọn jáde gbọ́dọ̀ wà ní PubMed Central ní ọjọ́ tí jọ́nà bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Ṣáájú èyí, ó lè dúró fún oṣù 12. Ẹ̀dà inú àká nìyẹn, a lè kà á. Ṣé a lè túmọ̀ rẹ̀, kí á sì tẹ̀ ẹ́ fún títà? Kíkà kò fúnni ní àṣẹ yẹn. Ìwé-àṣẹ tí ó wà lára àpilẹ̀kọ ni yóò sọ. Bí ó bá jẹ́ CC BY ti Creative Commons, irú èyí tí PLOS ń lò, ẹ lè túmọ̀ àpilẹ̀kọ lórí ibà sí Yorùbá, kí ẹ tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ní Ṣómólú, láìtọrọ àṣẹ, bí ẹ bá ti dárúkọ òǹkọ̀wé, tí ẹ tọ́ka sí ìwé-àṣẹ náà, tí ẹ sì sọ pé ìtumọ̀ ni. Bí ẹ bá rí ND lára rẹ̀, ẹ kò lè pín ìtumọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé òfin ka ìtumọ̀ sí àyípadà. A dábàá “ìwé-àṣẹ ìdárúkọ” fún èkíní àti “ìwé-àṣẹ àìgbọdọ̀-yípadà” fún èkejì. Ìsàlẹ̀ ojú-ìwé àkọ́kọ́ ni a sábà máa ń tẹ lẹ́tà wọ̀nyí sí, ní lẹ́tà kéékèèké.