Ìdí tí Sáfà Orin fi Ń Tún Díìsìkì Inú Rẹ̀ Tò

Sáfà orin ni kọ̀ǹpútà tí ń tọ́jú orin, tí ó sì ń pín in fún àwọn ẹ̀rọ agbóhùnjáde. Òmíràn nínú wọn, bí àpẹẹrẹ Roon ROCK, kì í lo díìsìkì tí a fi sínú rẹ̀ àfi bí ó bá kọ́kọ́ fọ́ómáàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ó pa ètò àtijọ́ rẹ́, kí ó sì to tuntun.

Ìdí àkọ́kọ́ ni ìlànà ìto-fáìlì. Díìsìkì dà bí ilẹ̀ oko. Bí a kò bá kọ ebè, a kò rí ibi gbin iṣu. Windows ń lo NTFS. Linux, tí ROCK dúró lé, sábà máa ń lo irú ext4, tí ó di lílò ní 2008.

Ìdí kejì ni ààlà. FAT32, tí ó jáde ní 1996, kò lè gba fáìlì kan tí ó tó 4 GB, kì í sì í ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tí ó ni fáìlì.

Ìdí kẹta ni ààbò. ext4 ń kọ àyípadà tí ó fẹ́ ṣe sílẹ̀ ṣáájú. Bí iná bá lọ lójijì, yóò fi èyí tún ètò rẹ̀ ṣe. FAT32 kò ní irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó wà lórí díìsìkì ni yóò parẹ́. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tí ó gba ohùn àwọn àgbà onírárà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn, kí ó sì gbọ́ ọ wò, kí ó tó fọ́ómáàtì. Bí onírárà bá ti dolóògbé, ohùn rẹ̀ kò ṣe é gbà lẹ́ẹ̀kejì.