Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ghana: Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣì ń wá owó kiri?

Ní ọjọ́ Kẹrin, oṣù Keje, ọdún 2025, Ààrẹ John Mahama ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò "No Fees Stress" ní ìlú Koforidua. Lábẹ́ ètò yìí, ìjọba Ghana ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ orílẹ̀-èdè náà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Ẹni tó bá ti san tirẹ̀ ṣáájú yóò gbà á padà nípasẹ̀ àjọ Students Loan Trust Fund.

Ètò yìí yàtọ̀ sí ẹ̀yáwó NELFUND ti Nàìjíríà, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní dá owó náà padà. Àmọ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Accra kò sí lára àwọn tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Owó wo ni ìjọba ń san?

Owó ìlò ohun èlò ilé ẹ̀kọ́ ni. Àdéhùn Akosombo ọdún 1997 ló ní kí ìjọba gbé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó fásitì, kí ilé ẹ̀kọ́, àwọn olùrànlọ́wọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pín ìyókù láàárín ara wọn. Ní ọdún 1999, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn lórí owó tí wọ́n ń bù lé wọn. Ẹrù yìí ni ètò tuntun náà sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọdún àkọ́kọ́ nìkan.

Kí ló ṣẹ́kù?

Yàrá, oúnjẹ, ìwé àti owó ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ní Fásitì Ghana tó wà ní Legon, yàrá inú ọgbà kò kárí. Ìlànà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní "in-out-out-out" máa ń fún ẹni tuntun ní yàrá, kó tó di pé ó jáde lọ wá ibùgbé fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá lágbára ilé aládàáni a lọ sùn sí yàrá ọ̀rẹ́. "Perching" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. "Squatting" ni ti Nàìjíríà.

Èyí túmọ̀ sí pé ọdún kejì ni ìṣòro lè bẹ̀rẹ̀: owó ìjọba dúró, ibùsùn náà sì lọ.

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Mastercard Foundation, tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní Fásitì Ashesi nítòsí Accra, máa ń ka ibùgbé àti ìwé mọ́ owó ilé ẹ̀kọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ń rí i gbà.

Nítorí náà, kí òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ̀, ohun mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n béèrè: ọdún mélòó ni ètò náà yóò fi gbé akẹ́kọ̀ọ́? Ta ni yóò san owó yàrá? Ta ni yóò bọ́ ọ?