Máàpù Inú Ìwé: Àkíyèsí lórí Ṣíṣe Àkójọ Àwọn Ìwé Ìrìn-àjò Àtijọ́

Nínú àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò kọ nípa ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan tí àwọn tó ń ṣa ìwé àtijọ́ jọ máa ń wá lójú méjèèjì ni ti Hugh Clapperton, tí John Murray tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1829. Clapperton fúnra rẹ̀ kò fojú kan ìwé náà. Ó dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó pè ní Katunga, ní oṣù kìíní 1826. Ó kú nítòsí Sókótó ní oṣù kẹrin 1827. Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀, ni ó kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà sílé. Kí 1840 tó dé, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro. Nítorí náà, ẹ̀rí ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ìlú náà nígbà tí ènìyàn ṣì kún inú rẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ wa. Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tún wà ní ẹ̀yìn ìwé náà, èyí tí ó ṣáájú ìwé atúmọ̀ èdè Crowther ti 1843.

Ẹni tó mọ ìwé rà kì í fi ti èèpo ẹ̀yìn ṣe. Máàpù kíká inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú. Àwọn oníṣòwò kan a máa já máàpù àti àwòrán kúrò nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọn a fi férémù sí i, wọn a sì tà á lọ́tọ̀. Ní ti òǹtẹ̀ ilé-ìkàwé, ó máa ń dín owó ìwé kù. Èmi kò ka ìyẹn sí àbùkù, nítorí ó ń sọ ibi tí ìwé ti là kọjá.

Òótọ́ ni pé ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni mo lò fún iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ya ojú ewé sórí kọ̀ǹpútà kì í sábà tú bébà kíká. Níbi tó yẹ kí n ti rí ọ̀nà láti Àgbádárìgì dé Katunga, ẹ̀yìn bébà lásán ni mo rí, mo sì ti ń tọ́ka sí ìwé náà fún ọdún méjì kí n tó rí máàpù rẹ̀ gan-an.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ẹ̀dà 1829 lè wá àtúntẹ̀ Frank Cass ti 1966. Èyí ó wù kó jẹ́, kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ ní kí òǹtàwé tú máàpù náà sílẹ̀, kí ó yà á, kí ó fi ránṣẹ́ sí yín.