Irú Gíríìsì Wo Ni Ó Yẹ Ìbọn Ọdẹ?

Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ̀ pé epo pupa ni a ń ta sí Ògún kí ó lè rọ̀. Nítorí èyí, àwọn kan rò pé epo yìí kan náà ni ó dára jù lọ láti fi pa ìbọn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni epo ètùtù, ọ̀tọ̀ ni epo ìtọ́jú irin.

Ní Ìgbẹ́sà, ní ilẹ̀ Àwórì, oko àti ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá jọ wà pọ̀ ni. Epo pupa àti àdín wà lọ́jà. Gíríìsì àti ọ́ìlì ọkọ̀ wà ní ìsọ̀ ní Sángo. Èwo ni kí ọdẹ mú?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ń ba ṣakabùlà jẹ́. Bí a bá yin ìbọn, ó ju ìdajì ẹtù lọ tí kì í di afẹ́fẹ́. Apá kan ń bá èéfín jáde, ìyókù a lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Iyọ̀ wà nínú ìdọ̀tí yìí, ó sì ń fa ọ̀rinrin mọ́ra títí irin yóò fi dógùn-ún. Omi gbígbóná ni ó ń fọ̀ ọ́ kúrò, kì í ṣe ọ́ìlì. Lẹ́yìn tí irin bá gbẹ ni ọ̀rọ̀ gíríìsì tó kàn.

Bí epo pupa tàbí àdín bá pẹ́ lára irin, yóò kan. Ásíìdì inú rẹ̀ yóò sì máa jẹ irin. Àdín tún máa ń dì bí òtútù bá ti wá sí nǹkan bí ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, irin tí ó yẹ kí ó já lù fìrì yóò máa falẹ̀. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù kò sàn jù ú lọ, nítorí ásíìdì àti ẹ̀rúnrún irin wà nínú rẹ̀.

Kí ni gíríìsì gan-an? Ọ́ìlì ni, tí ọṣẹ dì mú bí kànìnkànìn ti ń di omi mú. Èyí tí a fi ọṣẹ lithium tàbí calcium ṣe ń fara da omi. A ń fi nọ́ńbà mọ bí ó ṣe ki tó, láti 000 títí dé 6. Nọ́ńbà 2 ni ó wọ́pọ̀ fún ọkọ̀. Bí a bá kùn ún nípọn sára ìbọn, eruku yóò wọ̀ ọ́, àdàlù méjèèjì yóò sì máa ha irin.

Nítorí náà, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí irú èyí tí télọ̀ ń kán sí ẹ̀rọ ìránṣọ, ni ó yẹ sípíríńgì àti ibi tí a ń fà. Gíríìsì díẹ̀ ni kí a fi ra ara irin lóde nígbà òjò. Nígbà ọyẹ́, kí a nù ún dànù.

Ṣùgbọ́n kí a tó ki ìbọn, inú ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹtù tí ó bá mu ọ́ìlì lè kọ̀, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dún. Ọdẹ tí ó bá lọ yọjú wo ẹnu ìbọn ní àkókò náà lè kú.

Bí a bá ta epo sí ìbọn lọ́jọ́ ọdún Ògún, kí a nù ún kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ògún kò ní bínú sí ẹni tí ó tọ́jú irin rẹ̀.